Ẹni Tí Ayé Ń Wárí Fún: Ta Ni Wọ́n Bi Léèrè?

Láti ọdún 1946 títí di ọdún 2020, yàtọ̀ sí ọdún 1976 nìkan, ni ilé-iṣẹ́ Gallup ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi bi àwọn ará ilẹ̀ náà ní ìbéèrè kan náà lọ́dọọdún pé: nínú gbogbo ọkùnrin tí ó wà láàyè lónìí, ní ibikíbi lágbàáyé, èwo ni ẹ̀yin ń wárí fún jù lọ? Láti ọdún 1948 ni wọ́n sì ti ń bèèrè ti obìnrin pẹ̀lú. Ìdáhùn wọn kì í pẹ́ kí ó tó tàn kálẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, àwọn ìwé ìròhìn ní Èkó, ní Accra àti ní London a ti gbé e jáde pé lágbájá ni ọkùnrin tí ayé ń yìn jù lọ, tàmẹ̀dù sì ni obìnrin. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí, "ayé", ni ó mú wa gbé kálámù lónìí.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi ará ìlú léèrè ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn alágbára ti ń sọ̀rọ̀ lórúkọ mẹ̀kúnnù láìbi mẹ̀kúnnù léèrè. Ẹni tí ó bá sì mú ìwé àti kálámù lọ bá aláta nínú ọjà kí ó lè gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, iṣẹ́ rere ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá gbọ́ ìdáhùn tán, ó yẹ kí a mọ ohun tí a gbọ́, kí a sì mọ ohun tí a kò gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ti ọdún 2020 wò. Àwọn àgbàlagbà tí Gallup bá sọ̀rọ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ lọ. Donald Trump, tí ó jẹ́ Ààrẹ nígbà náà, ni ó gba ipò kìíní láàrin àwọn ọkùnrin: ènìyàn 18 nínú 100 ni ó dárúkọ rẹ̀. Barack Obama ni ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú 15. Láàrin àwọn obìnrin, Michelle Obama ni ó wà ní iwájú, ènìyàn 10 nínú 100 ni ó sì dárúkọ tirẹ̀. Ẹ kíyè sí i: ẹni tí a pè ní ẹni tí Amẹ́ríkà ń wárí fún jù lọ, ènìyàn 82 nínú 100 ni kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ní ọdún 2019 ẹ̀wẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì yìí ni ó jọ wà ní ipò kìíní, 18 sí 18. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Republican ni ó gbé Trump dé ibẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Democrat ni ó sì gbé Obama. Ìbò ni wọ́n tún dì lẹ́yìn ìbò, orúkọ mìíràn ni wọ́n kàn fún un.

Ohun kan sì wà nínú àkọsílẹ̀ náà tí àwọn ìwé ìròhìn kì í fi sí orí àkọlé. Nínú àwọn tí a ń bi léèrè, a máa ń rí àwọn tí kì í dárúkọ Ààrẹ tàbí òṣèré kankan. Bàbá wọn ni wọ́n ń dárúkọ, tàbí ọ̀rẹ́ wọn kan. Àwọn mìíràn a sì wí pé kò sí ẹnì kankan. Ní tiwa o, ìdáhùn àwọn tí ó dárúkọ bàbá wọn ni ó wọ̀ wá lọ́kàn jù, nítorí pé ẹni tí wọ́n mọ ìjókòó àti ìdìde rẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé wa yóò bèèrè pé, báwo ni ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe lè sọ̀rọ̀ fún orílẹ̀-èdè tí èrò inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 300? Ìbéèrè tí ó bọ́gbọ́n mu ni. Obìnrin tí ó ń se ọbẹ̀ ìnáwó kò ní láti jẹ ìkòkò tán kí ó tó mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ṣíbí kan ti tó o, bí ó bá ti ro ọbẹ̀ náà délẹ̀. Bí kò bá rò ó, bí ó tilẹ̀ bu odidi àwo kan láti òkè ìkòkò, ọbẹ̀ yóò tàn án jẹ.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìwé ìròhìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1936 nìyẹn. Wọ́n fi káàdì ìbéèrè tí ó tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn, èyí tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì nínú wọn sì fèsì. Ìwé náà wá kéde pẹ̀lú ìgboyà pé Alf Landon ni yóò wọlé gẹ́gẹ́ bí Ààrẹ. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Franklin Roosevelt ni ó borí ní ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Inú ìwé orúkọ àwọn tí ó ní tẹlifóònù àti àwọn tí ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ti ṣa púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n kọ̀wé sí, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ìpọ́njú ni ọdún náà, tí ẹni tí ebi ń pa kò rí owó tẹlifóònù san. George Gallup, ẹni tí ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1935, bi àwọn ènìyàn tí kò tó nǹkan lára ti Digest léèrè, ṣùgbọ́n ó ro ọbẹ̀ rẹ̀ kí ó tó tọ́ ọ wò, ó sì sọ pé Roosevelt ni. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti di ńlá. Kí a má baà rò pé kò lè ṣìṣe, ní ọdún 1948 òun náà sọ pé Thomas Dewey ni yóò wọlé. Harry Truman ni ó wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ìwárí. Ní ìgbà 74 tí Gallup fi bèèrè ti ọkùnrin, ìgbà 60 ni ó jẹ́ pé Ààrẹ tí ó wà lórí oyè ní àkókò náà ni ó gba ipò kìíní. Dwight Eisenhower gbà á ní ìgbà 12, Obama náà gbà á ní ìgbà 12. Hillary Clinton gba ti obìnrin ní ìgbà 22. Billy Graham, oníwàásù nì, wà láàrin àwọn mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ìgbà 61, kò sì fi ìgbà kan ṣe ipò kìíní rí. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó bá èyí mu gẹ́ẹ́: gbajúmọ̀, ẹni tí igba ojú mọ̀. Àwọn tí ó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kò wí pé igba ojú fẹ́ràn rẹ̀, wọn kò sì wí pé ìwà rẹ̀ dára. Wọ́n ní wọ́n mọ̀ ọ́n, ó tán. Ẹni tí ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n ń gbé ojú rẹ̀ wọ yàrá ènìyàn ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, bí àjèjì kan bá fi tẹlifóònù pè lójijì tí ó ní kí a dárúkọ ẹnì kan kíákíá, orúkọ tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá sí ẹnu.

Nítorí èyí, bí wọ́n bá sọ fún wa pé Ààrẹ ni ó ṣe ipò kìíní, a kò tíì gbọ́ nǹkan kan tí a kò mọ̀. Ìgbà tí Ààrẹ kò bá sí ní ipò kìíní ni ó yẹ kí a dẹ etí. Ní ọdún 1967 àti 1968, nígbà tí ogun Vietnam ti sú àwọn ènìyàn, wọ́n fo Lyndon Johnson dá, wọ́n sì padà lọ mú Eisenhower, àgbàlagbà tí ó ti kúrò lórí oyè láti ọdún 1961. Ní ọdún 1973, nígbà tí ọ̀rọ̀ Watergate ti gba ìgboro kan, Richard Nixon pàdánù ipò náà fún Henry Kissinger, akọ̀wé ìjọba rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 2008, George W. Bush ṣì wà lórí àga nígbà tí wọ́n dárúkọ Obama tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn tí kò sì tíì gun orí oyè. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ará ìlú fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ yìí ni ti Martin Luther King. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà ní ọdún 1964, orúkọ rẹ̀ sì wà láàrin mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní ọdún náà àti ní ọdún 1965. Ní ọdún 1966 Gallup bèèrè èrò àwọn ará Amẹ́ríkà nípa rẹ̀ ní tààràtà: ènìyàn 63 nínú 100 ni kò yọ́nú sí i. Ní ọdún náà ó ti kúrò ní gúúsù, ó ti lọ sí Chicago láti jà fún ilé gbígbé fún àwọn aláwọ̀ dúdú, àwọn tí ó ti ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí ìjà náà wà ní ọ̀nà jíjìn sì ká ọwọ́ wọn kò. Wọ́n pa á ní ọdún 1968. Nígbà tí ó di ọdún 1999, tí Gallup bèèrè àwọn tí ará Amẹ́ríkà wárí fún jù ní gbogbo ọ̀rúndún ogún, King ni ó ṣe ìkejì, Mother Teresa nìkan ni ó ṣáájú rẹ̀. Ní ọdún 2011, ènìyàn 94 nínú 100 ni ó yọ́nú sí i. Ọkùnrin kan náà ni, kò sì ṣe iṣẹ́ kankan láàrin 1968 àti 2011. Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú ni à ń dère.

Ní ọdún 1966 yìí kan náà ni àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní Gánà, tí àwọn ènìyàn sì jó ní ìgboro Accra nítorí pé ó lọ. Òótọ́ ni pé ó ní ẹ̀bi tirẹ̀: ó ti àwọn alátakò mọ́lé láìgbé wọn lọ sí ilé ẹjọ́, ó sì sọ orílẹ̀-èdè náà di ti ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo. Ó kú ní Bucharest ní ọdún 1972, ní ilẹ̀ àjèjì. Nígbà tí ẹgbẹ̀rún ọdún kejì ń parí lọ, àwọn olùgbọ́ rédíò BBC ní Áfíríkà dìbò, wọ́n sì mú Nkrumah gẹ́gẹ́ bí ọmọ Áfíríkà tí ó tayọ jù ní ẹgbẹ̀rún ọdún náà. Àwa náà kò gbọdọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ilé wa kò jìnnà sí ibẹ̀. Wọ́n sọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ní 1963. Ó jáde ní 1966. Ó du ipò Ààrẹ ní 1979 àti ní 1983, kò rí i gbà. Ó kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1987, láti ìgbà náà ni àwọn olóṣèlú láti inú gbogbo ẹgbẹ́, títí kan ọmọ àwọn tí ó bá a jà, ti ń gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lọ kí wọ́n lè ya fọ́tò ní ilé rẹ̀.

Bí ìwádìí tí a fara balẹ̀ ṣe bá rí báyìí, kí ni kí a wá wí nípa àwọn ìdíje orí tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ti lè tẹ tẹlifóònù? Ní ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba ní ilẹ̀ Potogí ní kí àwọn ènìyàn yan ọmọ Potogí tí ó tóbi jù lọ nínú ìtàn. António Salazar ni ó borí pẹ̀lú ìbò 41 nínú 100, ẹni tí ó fi ọwọ́ líle ṣe olórí ìjọba láti 1932 títí di 1968, tí ó sì ran àwọn ọmọ ogun lọ sí Angola àti Mozambique kí àwọn ènìyàn ibẹ̀ má baà gba òmìnira. Ẹni tí ó ṣe ìkejì ni Álvaro Cunhal, olórí àwọn Kọ́múnísìtì, tí ìjọba Salazar fi sí ẹ̀wọ̀n fún ohun tí ó lé ní ọdún mẹ́wàá kí ó tó sá jáde. Ẹni tí ó ṣe ìkẹta ni Aristides de Sousa Mendes, aṣojú ilẹ̀ Potogí ní Bordeaux, tí ó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn tí ń sá fún Hitler ní ìwé ìrìnnà ní 1940, tí Salazar sì fi ìyà jẹ ẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ó jẹ ni níyà àti àwọn méjì tí ó jìyà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n tò sí orí àga ọ̀wọ̀ kan náà. Ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 2004, Nelson Mandela ni ó borí nínú irú ìdíje bẹ́ẹ̀, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ṣùgbọ́n Hendrik Verwoerd, ẹni tí ó fi òfin gbé ìyapa ẹ̀yà ró, wà láàrin ogún àkọ́kọ́. Àwọn tí ó ní tẹlifóònù, tí ó ní owó láti fi tẹ̀ ẹ́, tí inú sì ń bí, àwọn ni irú ìdíje báwọ̀nyí ń gbọ́ ohùn wọn.

A wá dé ibi ọ̀rọ̀ "ayé" tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè Gallup wí pé "ní ibikíbi lágbàáyé", ṣùgbọ́n ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n bi, ará Amẹ́ríkà ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n dárúkọ. Mandela wọ inú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn Póòpù náà wọ̀ ọ́, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wọ̀ ọ́ ní ìgbà tí ó lé ní àádọ́ta. Ohun tí orílẹ̀-èdè kan rí láti ojú fèrèsé tirẹ̀ ni, wọn kò sì purọ́ fún wa pé nǹkan mìíràn ni. Àwa tí ń tún un tẹ̀ jáde ni a ń fi ayé kún un.

Ilé-iṣẹ́ YouGov ti ìlú London gbìyànjú láti bi ayé fúnra rẹ̀ léèrè. Ní ọdún 2021 wọ́n bá ènìyàn tí ó lé ní 42,000 sọ̀rọ̀ ní orílẹ̀-èdè 38. Obama ṣe ìkíní, Bill Gates ìkejì, Xi Jinping ti ilẹ̀ Ṣáínà ìkẹta. Cristiano Ronaldo tí ń gbá bọ́ọ̀lù ni ìkẹrin, Jackie Chan òṣèré ni ìkarùn-ún. Ní ti obìnrin, Michelle Obama ni, lẹ́yìn rẹ̀ ni Angelina Jolie, òṣèré, kí ó tó kan Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní apá méjèèjì, a kò rí ẹnì kan tí a bí ní ilẹ̀ Áfíríkà, àfi Elon Musk tí a bí ní Pretoria. Bẹ́ẹ̀ ni oṣù kẹta ọdún yìí kan náà ni Ngozi Okonjo-Iweala di olórí àjọ ìṣòwò àgbáyé, obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò jókòó níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kan owó ìrẹsì àti ti aṣọ nínú gbogbo ọjà wa ju fíìmù kankan lọ. Ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti bèèrè, ohun tí ó sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bá jáde. Àgbẹ̀ tí ó wà ní oko lẹ́yìn Ìgbétì kò sí nínú ọbẹ̀ náà rárá, a kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ bóyá wọ́n rò ó.

Ní orílẹ̀-èdè tiwa, ta ni ó ń sọ ẹni tí ó yẹ kí a bọlá fún? Ọba ń fi oyè jẹ ẹni tí ó bá wù ú. Ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn ènìyàn ní àmì ẹ̀yẹ. Yunifásítì ń fún wọn ní oyè ọ̀mọ̀wé ọ̀wọ̀. Nínú gbogbo rẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í bi aláta léèrè. Nígbà tí Chinua Achebe kọ àmì ẹ̀yẹ ìjọba ní 2004, tí ó sì tún kọ̀ ọ́ ní 2011, nígbà tí Gani Fáwẹ̀hìnmi ọmọ Oǹdó kọ tirẹ̀ ní 2008, ariwo sọ lórí rédíò àti nínú ìwé ìròhìn, àwọn kan ní ìgbéraga ni, àwọn kan ní akin ni wọ́n. Ìwádìí èrò tí a ṣe dáadáa ì bá ti sọ fún wa ibi tí ará ìlú dúró sí. Èyí ni ìdí tí a kò fi lè dara pọ̀ mọ́ àwọn tí ó ń wí pé eré òyìnbó lásán ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro rẹ̀ kò kéré níhìn-ín. A ní NOIPolls láti ọdún 2007, ó sì ń fi tẹlifóònù bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Kí ìbò ọdún 2023 tó dé, òun àti Anap Foundation gbé ìwádìí jáde ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kejìlá ọdún 2022, Peter Obi ni ó sì wà níwájú nínú méjèèjì. Nígbà tí àjọ INEC kéde èsì, Bọ́lá Tinúbú ni wọ́n kéde pẹ̀lú ìbò 8,794,726. Atiku Abubakar ní 6,984,520, Obi sì ní 6,101,533. Àwọn kan fi èyí pe àwọn olùwádìí ní òpùrọ́, àwọn mìíràn fi pe èsì ìbò ní irọ́, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù sì ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ohun tí ó yẹ kí àwọn méjèèjì kà wà nínú ìwé ìwádìí náà gan-an: àwọn tí ó ní àwọn kò tíì mọ ẹni tí àwọn yóò dìbò fún, pẹ̀lú àwọn tí ó kọ̀ láti sọ, pọ̀ ju àwọn tí ó dárúkọ ẹni tí ó wà níwájú lọ. Nínú àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ ní mílíọ̀nù 93, àwọn tí ó jáde lọ dìbò kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́ta.

Àìfẹ́dáhùn yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Bí tẹlifóònù bá dún ní ilé ẹnì kan ní Òṣogbo, tí ohùn tí kò mọ̀ rí bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé olóṣèlú wo ni ó fẹ́ràn, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn rẹ̀ ni: ta ni ó rán an? Ṣé jìbìtì ni, ṣé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú ni? Ògiri létí, baba rẹ̀ ti kọ́ ọ. Yóò wí pé gbogbo wọn ni ó dára, yóò sì pa tẹlifóònù rẹ̀. Bí olùwádìí bá kọ "gbogbo wọn ni ó dára" sínú ìwé, kò tíì kọ nǹkan kan.

Ìbéèrè fúnra rẹ̀ ń fẹ́ àbójútó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Gallup ń lò kò ní ẹnì kejì kan ṣoṣo ní èdè wa. Bí o bá bi ìyá kan ní ọjà Ọ̀jẹ́ pé, "Ta ni ó wù yín?" ó ṣeé ṣe kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sì dárúkọ olórin. Bí o bá ní, "Ta ni ẹ ń bọ̀wọ̀ fún?" bàbá ọkọ rẹ̀ ni yóò dárúkọ, tàbí ọba ìlú, tàbí àlùfáà rẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ jẹ́ ohun tí ó pọn dandan, kò béèrè bóyá ẹni náà wù ú tàbí kò wù ú. Ṣùgbọ́n bí o bá ní, "Nínú àwọn tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ta ni ẹ fẹ́ kí ọmọ yín fi ìwà jọ?" yóò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni iṣẹ́ olùwádìí.

Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tí ó bá tún gbé orúkọ mẹ́wàá wá sí orí tábìlì wa pé àwọn ni ará ìlú ń wárí fún, a ó bi í ní iye ènìyàn tí ó bá sọ̀rọ̀, ibi tí ó ti rí wọn, èdè tí ó fi bá wọn sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó san owó iṣẹ́ náà. Bí kò bá lè dáhùn, a ó tẹ orúkọ wọn sí ojú ewé ìpolówó. Bí ó bá sì wà nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìwádìí wa tàbí àwọn yunifásítì wa tí ó fẹ́ ṣe é bí ó ti yẹ, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti Ṣakí títí dé Ìkòròdú, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí tẹlifóònù kò dé, kí wọ́n sì tẹ iye àwọn tí ó kọ̀ láti dáhùn jáde ní orí ìlà kìíní, ṣáájú orúkọ ẹnikẹ́ni.